Àyẹ̀wò àkọtọ́ tọ́ sí ẹni tó ń tẹ Yorùbá

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: ibikíbi tí ènìyàn bá ti ń tẹ Yorùbá, ìbáà jẹ́ lórí fóònù tàbí lórí kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí àyẹ̀wò àkọtọ́ ti wà níbẹ̀ fún un, kí ó máa tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣì kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń jẹ irú àǹfààní yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọdún 1995 ni Microsoft Word ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà pupa wíwọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá dá mọ̀, lójú ẹsẹ̀ tí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́. Àwa tí à ń kọ Yorùbá náà ń rí ilà pupa yẹn, àmọ́ abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa ló máa ń wà, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà rò pé à ń kọ. Ti fóònù tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe láìgbàṣẹ tún burú ju èyí lọ: ènìyàn á tẹ "ni", fóònù á sọ ọ́ di "no", ẹni tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà á sì máa ronú lórí ohun tí a kò sọ.

Ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ń gbé, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ohun tí mò ń wí. Ẹ yà sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní àdúgbò yunifásítì LAUTECH, kí ẹ dúró ti ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Bó bá ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ní Gẹ̀ẹ́sì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí pé bí ó bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ilà pupa á ta á lólobó. Nígbà tó bá kan orin ìsìn àti oríkì, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé kó pa àyẹ̀wò náà, kí pupa rẹ̀ má baà dí i lójú. Kò mọ ibi tí "ọ" àti "ẹ" wà lórí kíbọọ̀dù, nítorí náà yóò tẹ "o" lásán, yóò sì fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fàlà sídìí ọ̀rọ̀ fàlà sí i nídìí. Lórí bébà, ó jọ "ọ". Nínú ẹ̀rọ, "o" ṣì ni, nítorí ilà náà kò sí lára lẹ́tà. Bí ẹbí bá ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ilà á já dànù lọ́nà, "ẹni ọ̀wọ̀" á sì gúnlẹ̀ ní "eni owo". Mo ti wà níbi ìsìnkú kan tí àwọn ọmọ-ọmọ olóògbé ń ti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ka oríkì ìdílé wọn. Ní gbogbo ìlà ni wọ́n ń dúró, tí wọ́n ń wo ojú ara wọn, títí ìyá àgbà kan fi gba oríkì náà lẹ́nu wọn, tí ìyá náà sì kì oríkì náà dé òpin láìwo ìwé. Inú mi kò dùn sí i. Ọpẹ́ ni pé ìyá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé yẹn, pẹ̀lú gbogbo àṣìtẹ̀ inú rẹ̀, ni àwọn ọmọ náà tọ́jú lọ sílé.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí àkọtọ́ kan tí gbogbo wa fẹnu kò sí, pé kálukú ló ń kọ Yorùbá bó ṣe gbọ́ ọ. Èyí kì í ṣe òótọ́. Láti ìgbà Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí yunifásítì kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lónìí, ni iṣẹ́ ti ń lọ lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Àpérò jókòó lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Bíbélì odindi parí ní 1884. Ìgbìmọ̀ mìíràn tún ṣiṣẹ́ ní 1966, a sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Òun ló mú "ẹyẹ" rọ́pò "ẹiyẹ", tó mú "ayé" rọ́pò "aiye", tí "ènìyàn" fi rọ́pò "enia", tí "wọ́n" sì rọ́pò "nwọn". Òfin ti wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò rán wa létí òfin náà nígbà tí a bá ń kọ̀wé lọ́wọ́ ni a kò ní, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò tún bá olùkọ́ Yorùbá pàdé mọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé girama, Bíbélì àti ìwé orin tí a sì ń gbé lọ sí ilé ìsìn ṣì ń fi àkọtọ́ àtijọ́ hàn wá. Ní ìlú bíi tiwa, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ẹ̀sìn àwọn Onítẹ̀bọmi wà, ojú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ àgbà ti kọ́ ìwé kíkà. N kò ní fara mọ́ àyẹ̀wò tí yóò pe "enia" ní àṣìṣe fún àgbàlagbà tó ń tẹ ẹsẹ Bíbélì. Kí ó sọ pé àkọtọ́ àtijọ́ ni, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún un.

Ibi tí àyẹ̀wò yóò ti kọ́kọ́ wúlò ni pípín ọ̀rọ̀. "Nígbàtí", "nítorípé", "gẹ́gẹ́bí": mò ń rí wọn ní kíkọ papọ̀ nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó, lára ògiri ilé ìtajà, kódà nínú iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ méjì méjì ni àkọtọ́ òde òní pín wọn sí. Àkójọ kúkúrú kan ti tó ẹ̀rọ láti mọ ìwọ̀nyí. Àmì tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà náà kò le jù, torí pé fáwẹ̀lì wa máa ń bára wọn rẹ́: nínú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àkànpọ̀, "o" àti "e" kì í bá "ọ" àti "ẹ" pàdé ní sílébù tó fara kanra. Ẹni tó bá tẹ "orẹ́", ẹ̀rọ lè mọ̀ láìyẹ ìwé atúmọ̀ wò pé ohun kan kù lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ gidi wà nínú bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń bí ọ̀rọ̀. "Oní" pàdé ilé, ó di onílé. Ó pàdé aṣọ, ó di aláṣọ. Epo sọ ọ́ di elépo, ẹran sọ ọ́ di ẹlẹ́ran, owó sọ ọ́ di olówó, ọjà sọ ọ́ di ọlọ́jà. Kò sí ìwé atúmọ̀ tó lè to gbogbo irú wọn tán. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ POS dé àárín ọjà tí a fi ní oníPOS. Bí a bá fún ẹ̀rọ ní àkójọ ọ̀rọ̀ nìkan, yóò máa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó tọ́, ènìyàn á sì pa á tì, bí ọmọbìnrin inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe pa tirẹ̀. Ó di dandan kí òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bá àkójọ náà rìn. Ohun tó lè gbé èyí ti wà nílẹ̀: Hunspell, ètò àyẹ̀wò àkọtọ́ tí LibreOffice tí a fi ń kọ̀wé àti Firefox tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò, èdè Hungary tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba àfòmọ́ (bíi "oní" tiwa) lọ́pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ ṣe é, àkójọ ọ̀rọ̀ ní fáìlì kan àti òfin àfòmọ́ ní fáìlì kejì ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, orí ẹ̀rọ ẹni náà ni yóò sì ti ṣe gbogbo rẹ̀ láìkó ọ̀rọ̀ wa ránṣẹ́ sí ibi kankan.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Nínú Unicode, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "é" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń to àmì mọ́ lẹ́tà. Kíbọọ̀dù kan lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì rí bákan náà lójú wa, kí ẹ̀rọ sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àyàfi bí ẹni tó ṣe ètò náà bá ti kọ́kọ́ mú wọn bára mu. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé kan tí ẹ̀rọ á ní kò sí níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń wò ó.

Ti àmì ohùn ló le jù. Ẹni tó kọ "ọkọ mi bàjẹ́ lọ́nà", nígbà tó jẹ́ ọkọ̀ ló ní lọ́kàn, àkójọ ọ̀rọ̀ kò lè dá a dúró, nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá ni méjèèjì. Ó gba pé kí ẹ̀rọ wo gbólóhùn odindi, àwọn onímọ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní tèmi, bó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó, kí ẹ̀rọ máa bi wá pé èwo ni a fẹ́. Kí ó má ṣe yàn fún wa láé. Akéwì tó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ohùn dárà kò gbọdọ̀ rí i pé fóònù ti tún ewì rẹ̀ ṣe. Ọmọ Èkìtì tó kọ "ulé" kò ṣe àṣìṣe kankan, àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ̀ka-èdè wa súnmọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò jù, ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ̀wé láìfi àmì ohùn sí i, kí ó lè sọ fún ẹ̀rọ pé kó yẹ lẹ́tà nìkan wò.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn olùkọ́ kan ń sọ, pé ọ̀lẹ ni èyí yóò sọ àwọn ọmọ wa dà. Mo bu ọlá fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọmọ tí a ń tọ́ka àṣìṣe rẹ̀ sí lójoojúmọ́ ń kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Ọmọ tó ti kọ "nítorípé" fún ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, kí ni ó fẹ́ rí kọ́?

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alt-I, àjọ tó ń mú èdè Áfíríkà bá ẹ̀rọ mu, n'Ìbàdàn, ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ Yorùbá orí kọ̀ǹpútà láti ọ̀pọ̀ ọdún, Gboard, ètò ìtẹ̀wé Google fún fóònù, ní kíbọọ̀dù Yorùbá, BBC sì ti ń kọ ìròyìn Yorùbá láti 2018. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìtòsí wa náà ní ohun tí wọ́n lè mú wá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá, bíi Yunifásítì Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní Yorùbá, olùkọ́ sì ń fi bírò pupa tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní àtúntẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí bírò pupa wà lára rẹ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò àkọtọ́ ń wá, nítorí àṣìṣe tí àwa ènìyàn ń ṣe ní tòótọ́ wà nínú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ń bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ẹ̀dà náà láti sáà yìí lọ.