Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: ohun tí jíìnì kan kọ́ mi lórí Apollo

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ jínóòmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń lo Apollo, ohun èlò tí a fi ń yẹ ibi tí jíìnì wà nínú jínóòmù wò, tí a sì fi ń tún un ṣe. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní Nairobi lè jọ ṣí jínóòmù kòkòrò kan náà, ohun tí ọ̀kan bá sì yí padà á hàn sí èkejì lójú ẹsẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ máa ń sọ ibi tí jíìnì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, àfi ìgbà tí mo kan jíìnì P450 kan. Ara ohun tí kòkòrò fi ń borí oògùn apakòkòrò ni P450, wọ́n sì sábà máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ilé. Protein wọn kì í ju nǹkan bí 500 amino acid (ègé tí a fi ń to protein) lọ. Tèyí lé ní 1,000. Mo wá cysteine, amino acid tó ń di heme mú, ìyẹn èròjà onírin tí P450 fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ló yẹ kó wà, méjì ni mo rí. Mo wo RNA, ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara jíìnì: kò sí ìkankan tó so apá òsì mọ́ apá ọ̀tún. Jíìnì méjì ni! Kọ̀ǹpútà ló ka àlàfo àárín wọn sí intron, ìyẹn apá inú jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gé kúrò nínú RNA.

Mo pín in, inú mi dùn, n kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan nínú wa tún pa wọ́n pọ̀. Kò jẹ̀bi. Ó fi wé protein kòkòrò mìíràn tó gùn bákan náà, láìmọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló fojú bu ìyẹn náà, ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Báyìí ni àṣìṣe ṣe ń ti inú jínóòmù kan wọ òmíràn. Jínóòmù eṣinṣin tsetse tó jáde lọ́dún 2014 ní jíìnì tó lé ní 12,000. Ta ló lè dá wo gbogbo rẹ̀? Iṣẹ́ ẹlòmíràn la máa ń gbára lé.

A dúpẹ́ pé Apollo ń tọ́jú ẹni tó yí nǹkan padà àti ìgbà tó yí i. Ibẹ̀ la ti dá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ ọ́ sí àyè àlàyé: “Mo pín in sí méjì. RNA kankan kò so wọ́n pọ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ní cysteine heme tirẹ̀.”