Bí ìwé ‘ẹ kúrò’ bá dé abúlé yín nínú igbó ìjọba

Tí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yín pé kí ẹ kó jáde nínú igbó ìjọba, ẹ kọ́kọ́ wá gẹ́sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, tó sọ igbó yẹn di ti ìjọba ná. Ọ̀rọ̀ abúlé wa ló kọ́ mi. Ní ìpàdé, gbogbo àgbà ń tẹnu mọ́ ọn pé ilẹ̀ baba àwọn ni. Lọ́yà wa gbọ́ wọn títí, ó wá ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, èwo ló kọ́kọ́ débí, abúlé ni àbí òfin?” Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Ìbéèrè yẹn ni ẹjọ́ dúró lé. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń fa ààlà sí àwọn igbó wọ̀nyí (1925 ni ti Omo nílẹ̀ Ìjẹ̀bú), wọ́n máa ń yọ àyè sílẹ̀ fún abúlé tó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó wà nínú àyè bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa. Ẹni tí fọ́rẹ́sítì fún ní ilẹ̀ taungya lẹ́yìn náà, pé kó máa dáko láàárín àwọn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Kó má pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ baba rẹ̀, torí adájọ́ ò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ìwé àṣẹ àti rìsíìtì ni kó kó jáde. Màmá àgbà kan ní abúlé wa ti kó tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì láti ìgbà tọ́kọ rẹ̀ wà láyé. Ikán ti jẹ etí wọn, àmọ́ òǹtẹ̀ àti ọdún ṣì hàn ketekete. Lọ́yà tẹ́ wọn sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ ka kòkó yín pẹ̀lú. Abala 29 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, kó san owó ohun tó ṣe sórí ilẹ̀ náà: ilé, kànga, àti igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ bíi kòkó. A so àkísà pupa mọ́ ìdí kòkó tá a bá ti kà, àwọn ọmọ ń pe iye, ẹnì kan ń kọ ọ́, ẹlòmíì ń ya fọ́tò.

Àwọn kan á máa sọ fún yín pé àwọn Ogiek, ẹ̀yà kan tó ń gbé nínú igbó Mau ní Kenya, ṣáà borí ìjọba ní kóòtù. Òótọ́ ni. Lọ́dún 2017 Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha dá wọn láre, ó ní ìjọba Kenya ò fi ẹ̀rí hàn pé àwọn Ogiek ló ba igbó náà jẹ́. Ní 2022 ó tún ní kí ìjọba san ṣílè Kenya tó lé ní mílíọ̀nù 157 fún wọn. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n àwọn Ogiek ti wà ní Mau kí òfin igbó tó dé. Ẹ má fi ẹjọ́ wọn ṣe tiyín tí ẹ̀yin bá wọlé lẹ́yìn òfin.

Ẹ sì ya ara yín sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń gé gẹdú lóru. Erin ṣì wà nínú igbó Omo, ó sì yẹ kó máa wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ń bo agégẹdú mọ́lẹ̀ ti ba ẹjọ́ abúlé rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má sì fi àkókò ṣeré. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè dí ẹjọ́ yín lọ́nà bí oṣù 3 bá ti kọjá lẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe tí ẹ fẹ́ pẹjọ́ lé lórí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà béèrè fún àṣẹ ìdádúró nílé ẹjọ́ gíga kí katapílà tó wọ oko.