Tanímọ̀la jẹun o, ẹ bá mi dúpẹ́!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Tanímọ̀la, ọmọ ajá mi, jẹun láàárọ̀ yìí. Adìyẹ sísè àti ìrẹsì díẹ̀ ni, kò bì í, ó tún ń fi imú ti abọ́ kiri pé ó kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ látìgbà tó ti dé, ẹ mọ ohun tójú wa rí, mi ò ní í tò ó látòkèdélẹ̀. Ọba tí kì í sùn, mo dúpẹ́.

Párífò ni, àrùn ajá tó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Dókítà ẹranko fi kíìtì àyẹ̀wò tẹ́ẹ̀sì ìgbẹ́ rẹ̀, ìlà méjì yọ gedegbe, ìyẹn ni pé ó wà lára ẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé ọjọ́ kejì tó dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì? Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní oúnjẹ ilé mi ni, ó ní omi Ìbàdàn ni kò bá a lára mu, ó ní àbí mo fún un ní ẹja. Ẹja! Dókítà ní àrùn yìí máa ń wà lára ajá bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó tó fojú hàn, ìyẹn ni pé inú ọgbà yín ló ti kó o bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wá ńkọ́? Bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, kò sí sítíkà ara ìgò abẹ́rẹ́, kò sí sítáǹpù dókítà kankan. Ó yẹ kí ọmọ ajá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka ọjọ́ tó wà nínú káàdì yẹn sẹ́yìn, ọmọ náà ò tíì lajú nígbà tí wọ́n ní àwọn gún un. Mo ya fọ́tò káàdì, mo fi ránṣẹ́ sí i, bó ṣe búlọ́ọ̀kù mi nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "nítorí ajá?", mo kí yín o. Ẹnì kan nínú ẹbí mi tiẹ̀ ní kí n lọ jù ú sẹ́yìn ọgbà, pé owó dírípù tí mo ń san á ra òmíràn. Ó ń ka èyí báyìí, ó mọ ara ẹ̀.

Alẹ́ tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà nídìí ẹ̀, òórùn yẹn, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò lè gbàgbé. Dókítà ti fi dírípù sí i lọ́wọ́, ó ti lọ sílé, ni ọmọ yìí bá gbọn ọwọ́, kánúlà (ọ̀pá tín-ín-rín tí dírípù ń gbà wọ iṣan) yọ. Mo fọwọ́ kan èrìgì ẹ̀, ó funfun báláú, ó tutù bí omi fíríìjì. Mo figbe ta. Ta ló gba àtẹ̀gùn wá? Àlájà ìsàlẹ̀! Àlájà tó ní bí ajá yìí bá fẹnu kan ìkòkò òun, ẹ̀ẹ̀meje lòun máa fọ̀ ọ́, òun á sì fi iyẹ̀pẹ̀ kún un, Àlájà tó ti fẹjọ́ wa sun lańlọ́ọ̀dù! Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n ní "bísímílà, oyin dà?" Ṣúgà ara ẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀, dókítà ń sọ ọ́ lórí fóònù, Àlájà ń fi ìka pa oyin mọ́ ọn lérìgì díẹ̀díẹ̀ (ẹ má bu oyin sẹ́nu ajá tó ti dákú o, á gba ọ̀nà èémí lọ). Wọ́n ní kí n fi táwẹ́lì wé ìgò omi gbígbóná tì í. Kánúlà kan ṣẹ́ kù tí dókítà fi sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo ní "Àlájà, ajá mà ni o." Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi wá iṣan lára ọmọ tuntun, ṣé ajá ló máa wá sọ àwọn di aláìmọ̀ṣẹ́? Wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé! Wọn ò kúrò níbẹ̀ títí ìdájí, ìgbà náà ni wọ́n tó lọ wẹ̀ kí wọ́n lè kírun. Àlájà, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ti ní kí n má mú ajá wá dúpẹ́, mo gbọ́, èmi nìkan ni màá wá.

Ẹ̀gbọ́n wa olówò ajá ti ṣí búlọ́ọ̀kù o, nígbà tí ẹlòmíì tó ra nínú ọmọ ìyá kan náà pariwo síta pé tòun ti kú. Ó ní kí n wá mú òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ọgbà yẹn kan náà! Kòkòrò párífò lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán ò ràn án, bílíìṣì ni mo fi fọ gbogbo ilé mi. Mo ní owó dókítà ni kó san. Ó ti san ìlàjì, ó ń bẹ̀ mí kí n pa ohun tí mo kọ rẹ́. Kó san tó kù ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ajá, ẹ lọ fojú rí ìyá ẹ̀ níbi tó wà. Ẹ wo sítíkà lórí káàdì, ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí nígbà tí iná ò bá sí, torí abẹ́rẹ́ tó bá ti gbóná, ẹ ti fowó ra omi. Ẹ má sì mú ọmọ ajá jáde sígboro kó tó gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ tán, ó máa ń tó ọmọ nǹkan bí oṣù mẹ́rin kó tó gbà á tán.

Àwọn tó ń bèèrè nọ́ńbà dókítà, màá fi ránṣẹ́ sí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn.