Iná Tí Owó Wa Ká fún Èéhù Ata àti Tìmátì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Àjàṣẹ́

Inú iyàrá ni mo ti ń hu ata àti tìmátì kí n tó gbé wọn lọ sóko. Àgbàlá kékeré kan ṣoṣo ni ilé tí mo ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní, gbogbo ayálégbé la sì jọ ń lò ó pẹ̀lú adìẹ àti ewúrẹ́. Bí òjò oṣù kẹfà bá wá dé, èéhù tí ẹran kò bá jẹ, ọ̀wààrà òjò yóò wó o mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ike èéhù wọlé, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iná tí yóò tó wọn.

Mo kọ́kọ́ gbà pé iná tó bá wọ́n jù ni yóò dára jù. Mo ra èyí tó ń tàn ní àwọ̀ pupa mọ́ aró, tí wọ́n ń polówó pé ti ọ̀gbìn ni, mo sì so ó mọ́ àjà bí a ti ń so iná ilé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ tí tìmátì hù, igi wọn ti gùn tó ìka ọwọ́ mi, ó funfun, ó sì tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ewé méjì orí rẹ̀ kò fẹ̀ ju èékánná ọmọ ìka lọ. Nígbà tí mo wọ́n omi sí wọn, gbogbo wọn dùbúlẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́. Ìyá onílé bẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ebi ìmọ́lẹ̀ ló pa wọ́n.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èéhù tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó yóò máa na ọrùn wá a kiri, agbára tí ìbá fi ṣe ewé àti gbòǹgbò ni yóò sì fi gùn. Bí ẹ bá gbé gílóòbù kan jìnnà sí ewé ní ìlọ́po méjì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò kù. Ojú ènìyàn kì í fura, nítorí ojú tètè ń bá òkùnkùn mu; ewé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Iná LED funfun gígùn lásán tí wọ́n ń tà ní ọjà Ouando ni mo ń lò báyìí, èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì ń jẹ wáàtì 18. Ẹ má ṣe wo wáàtì nìkan lára páálí rẹ̀, nítorí iye iná tí yóò jẹ ni wáàtì ń sọ, lumen ló ń sọ bí yóò ti mọ́lẹ̀ tó. Gílóòbù àtijọ́ oníwáyà tó ń jẹ wáàtì 60 kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju LED tó ń jẹ wáàtì 9 lọ. Ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù ṣe, yóò sì sun ewé tó bá sún mọ́ ọn. Bí iná méjì bá wà níwájú mi, mo máa ń fi owó pín lumen wọn kí n tó yan ọ̀kan. Mo tún máa ń mú èyí tí wọ́n kọ 6500K sí lára, tó funfun bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. LED funfun yìí, LED aró ni wọ́n fi èròjà bò kí apá kan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè di ìyeyè àti pupa, nítorí náà ohun tí ewé ń fẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì tètè rí ewé tó bá ń pọ́n, èyí tí iná aláwọ̀ pupa mọ́ aró máa ń fi pamọ́.

Abẹ́ tábìlì ni mo so ó sí pẹ̀lú okùn tí mo lè fà sókè, mo sì fi páálí tí mo kùn ní ẹfun yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣòfò. Ìbú ọwọ́ kan, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8, ni mo fi ń jìnnà sí orí ewé, mo sì ń fà á sókè bí wọ́n ti ń ga. Bí mo bá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sí ibi tí ewé wà, tí ó ń ta mí, ó ti sún mọ́ jù. Wáyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà níbi tí omi lè dé.

Wákàtí 15 ni mo ń tàn án lójúmọ́, nítorí kò lágbára tó oòrùn. Mo sì ń pa á lóru, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró máa ń ba ewé tìmátì jẹ́. Lóṣù kan, iná tó ń jẹ kò ju kílówáàtì-wákàtí 8.1 lọ. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án, ẹnu fèrèsé ni mo ń gbé ike sí.

Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí n gbìn wọ́n sóko, mo máa ń gbé wọn síta láàárọ̀ fún wákàtí kan lábẹ́ igi máńgòrò ìyá onílé, lọ́jọ́ kejì wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí oòrùn gbangba yóò fi mọ́ wọn lára. Èmi fúnra mi ni mo ń jókòó tì wọ́n nígbà yẹn, nítorí ewúrẹ́.