Òtútù Àyà Tí Ó Ń Tẹ̀lé Ọ̀fìnkìn

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Ìlọrin, tí erùpẹ̀ bo ewé igi, tí ètè gbogbo ènìyàn sì ń bó, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń wá sí ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Tánkẹ̀ máa ń béèrè: kápúsù apakòkòrò, nítorí ọ̀fìnkìn tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Alhaja kan tí ó dàgbà tó ìyá mi kò gbà nígbà tí mo ní kí ó ṣe sùúrù díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má fi òtútù ṣeré o. Ọ̀fìnkìn báyìí náà ló pa àbúrò mi." Mo gba ìyá yìí gbọ́: òtútù àyà, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀fóró, lè tẹ̀lé ọ̀fìnkìn, ó sì lè pani. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lè jẹ́ òótọ́ pátápátá, kí kápúsù tí ó béèrè má sì wúlò rárá lọ́jọ́ tí ó béèrè rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ọ̀fìnkìn àti àrùn gágá tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí fúlù, kápúsù apakòkòrò kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà ni ó ń pa. Bakitéríà tóbi ju fáírọ́ọ̀sì lọ fíìfíì, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń gbé nínú imú àti lẹ́yìn ọ̀fun wa láìfa àìsàn kankan. Mẹ́rin nínú àwọn tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni Streptococcus pneumoniae, Haemophilus influenzae, Moraxella catarrhalis àti Staphylococcus aureus. Ọmọ ọwọ́ tí ó ń bá ẹ̀gbọ́n mẹ́ta sùn nínú yàrá kan lè ti ní èyí àkọ́kọ́ nínú imú láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n bí i, kí ó má wúkọ́, kí ara rẹ̀ má sì gbóná. Nítorí náà, bí a bá rí bakitéríà nínú imú ènìyàn, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di aláìsàn.

Ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá dé ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Inú ọ̀nà èémí wa ní irun wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí, tí kì í sinmi, tí ó ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ohun tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ sí ọ̀fun kí a lè gbé e mì tàbí kí a tu ú dànù. Fáírọ́ọ̀sì gágá a máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí irun yìí hù sí, ibi tí wọ́n ti bó a sì di ibi tí bakitéríà lè dì mú. Fáírọ́ọ̀sì yìí tún ní èròjà kan lára, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ neuraminidase, tí ó fi ń gé irú ṣúgà kan kúrò lójú sẹ́ẹ̀lì kí àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun lè rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n ṣúgà tí ó gé bọ́ sílẹ̀ yìí jẹ́ oúnjẹ fún Streptococcus pneumoniae, ojú ibi tí ó ti gé e náà a sì ṣí sílẹ̀ fún un láti lẹ̀ mọ́. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn àmì tí ara ń fi ránṣẹ́ láti bá fáírọ́ọ̀sì jà a máa dín agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé bakitéríà mì nínú ẹ̀dọ̀fóró kù fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá ti ibí yìí kò ti òkèèrè wá. Ara ògiri náà ni ó ti ń gbé tipẹ́.

Bakitéríà pẹ̀lú a máa ran fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀yà Staphylococcus aureus kan ń tú èròjà tí ó ń gé púrótéènì kan lára fáírọ́ọ̀sì gágá, bẹ́ẹ̀ sì ni fáírọ́ọ̀sì náà kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì láìjẹ́ pé a gé púrótéènì yìí fún un.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó mọ ipa olúkúlùkù. Ní 1892, Richard Pfeiffer ará Jámánì kéde pé bakitéríà tí òun rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn alárùn gágá ni ó ń fa àrùn náà. Àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n bakitéríà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 1931, Richard Shope ní Amẹ́ríkà fi ẹlẹ́dẹ̀ dán ọ̀rọ̀ náà wò: fáírọ́ọ̀sì nìkan fa àìsàn fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó pa á pọ̀ mọ́ bakitéríà tí ó jọ ti Pfeiffer, àìsàn náà le gan-an. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì gágá ti ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn ìyá àti baba ńlá wa ti fojú rí i ṣáájú. Àjàkálẹ̀ àrùn gágá ti 1918, tí àwọn Yorùbá pè ní lùkúlùkú, gba ojú omi wọ Èkó nínú oṣù Kẹsàn-án, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin wọ àárín ilẹ̀, lójú irin tí ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá. Ní 2008, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tún ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ogun tí ó kú nígbà náà yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n sì parí èrò sí pé òtútù àyà ti bakitéríà ni ó ṣeé ṣe kí ó pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí àjàkálẹ̀ náà pa.

Ẹ̀rí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù wá láti Soweto, ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn ọmọdé kan gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà ẹ̀yà mẹ́sàn-án Streptococcus pneumoniae, àwọn mìíràn kò gbà á. Abẹ́rẹ́ yìí kò fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì kankan. Síbẹ̀, ìròyìn tí àwọn onímọ̀ méjì, Shabir Madhi àti Keith Klugman, gbé jáde ní 2004 fi hàn pé òtútù àyà tí a bá fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, tí ó sì gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, fi ìdá 31 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ náà pé. Bí ó bá jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì nìkan ni ó ń dá ọmọ gúnlẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ó dojú kọ bakitéríà kì bá tí dín in kù rárá.

Orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní irú abẹ́rẹ́ yìí ní 2014, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lẹ́yìn ìbí ni a sì ń gún un. Àwọn ìyá kan máa ń dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan nítorí pé ara ọmọ gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dùn mí gidigidi, nítorí àǹfààní tí mo sọ lókè yìí, ti àwọn tí ó gbà á pé ni.

Ní ti kápúsù, mo mọ̀ pé ẹni tí ó ti rí ikú lẹ́yìn ọ̀fìnkìn yóò rò pé kí òun tètè pa bakitéríà kí ó tó dìde ni ó dára. Oògùn tí a lò lọ́jọ́ kìíní kì í tún ògiri ṣe. Àwọn bakitéríà tí kò lágbára ni yóò pa, àwọn tí oògùn náà kò ràn ni yóò sì ṣẹ́kù sínú imú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lásìkò Kòrónà, ìdá 8 péré nínú 100 àwọn tí àrùn náà gbé dé ilé ìwòsàn ni bakitéríà tún kọlù, bẹ́ẹ̀ sì ni a fún nǹkan bí ìdá 75 ní oògùn bakitéríà.

Ohun tí ó yẹ kí á máa ṣọ́ ni àìsàn tí ó ti ń rọlẹ̀ tí ó tún gbéra: ibà tí ó lọ tí ó padà ní bí ọ̀sẹ̀ kan, ikọ́ tí ó jinlẹ̀ sí i, àyà tí ń dunni bí a bá mí. Ní ti ọmọdé, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ nígbà tí kò bá sunkún, kí ẹ sì ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tàbí 50 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tàbí 40 fún èyí tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó ń mí yára jù, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn gan-an ni oògùn bakitéríà ń gba ẹ̀mí là. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá sì ń wọnú nígbà tí ó ń fa èémí, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ má yà sí ilé oògùn wa rárá. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ tààrà.