Ìwé ara ìgò tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ àdín àgbọn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ́ àgbọn ní Àgbádárìgì níbí, níbi tí àwọn Ègùn ti ń pè é ní agunke. Ọ̀gá mi kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é. Bí a ṣe ń tà á, ẹnu ara mi ni mo fi kọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣìṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìkòkò bẹ̀rẹ̀. Àgbọn tó gbó ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí omi inú rẹ̀ ń dún tẹ́ ẹ bá mì ín. Tútù rẹ̀ dùn ún jẹ, àmọ́ kò lọ́ràá. Bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ló ń lọ sí lítà kan lọ́wọ́ mi. Ẹ rin ín, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá rẹ̀ á léfòó, òun lẹ máa bù sórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ tẹ́tí sí i. Tó bá ṣì ń ta pàrà-pàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ariwo yẹn bá dákẹ́, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò sì pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, ẹ yára sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìkánjú mú mi ta ìgò 40 nígbà kan tí omi ò tíì tán lára wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń rùn, mo sì dá owó olówó padà.

Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, oníbàárà kan ní Ìbàdàn fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àdín inú ìgò ti dì gbagidi, ó funfun báláú. Ó ní mo da ọ̀rá ẹran mọ́ ọn. Mo ní kó gbé e sínú oòrùn, ó sì yọ́. Tí ooru bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bíi dìgírì 24 lọ, ojúlówó àdín àgbọn á dì. Ohun tó fà á ni pé nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ó ju 80 lọ tó jẹ́ irú ọ̀rá tó ń mú bọ́tà dì. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ṣàlàyé ìyẹn fún un. Àṣé àṣírí ara mi ni mo ń tú.

Lára ìgò yẹn kan náà, mo ti kọ ọ́ pé ó ń wo àìsàn mẹ́sàn-án: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, jẹjẹrẹ, àtàwọn yòókù tí mo ṣà jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Màmá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa kà á, ó gbà á gbọ́. Ó ń mu ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lójúmọ́, ó sì pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì. Lọ́jọ́ tí orí ń fọ́ ọ tí ojú rẹ̀ ń ṣú, èmi náà bá wọn dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n mú ohun tó ń lò wá. Ìgò mi lọmọ rẹ̀ yọ jáde nínú báàgì. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Orí yọ màmá. Nọ́ọ̀sì yẹn ò pariwo mọ́ mi, ìṣirò ló ṣe fún mi. Ṣíbí ìjẹun kan gbé nǹkan bíi gíráàmù 12 irú ọ̀rá tó ń dì yẹn. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fẹ́ kó kọjá nǹkan bíi 22. Màmá ń mu 36 kó tó fẹnu kan ọbẹ̀. Ọ̀rá yẹn ló ń gbé LDL sókè, ìyẹn kọlẹ́sitiróòlù tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, òun ló sì mú kí American Heart Association, àjọ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 2017 pé àwọn ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa lo àdín àgbọn. Ó ń gbé HDL, ìyẹn kọlẹ́sitiróòlù tó dáa, náà sókè lóòótọ́. Gbólóhùn yẹn nìkan ni àwa tó ń tà á máa ń rántí.

Ẹnì kan á bi yín pé, àwọn tó ti ń jẹ àgbọn látayébáyé ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ní erékùṣù Tokelau lórí òkun Pàsífíìkì, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1981 rí i pé inú àgbọn ni wọ́n ti ń rí èyí tó ju ìdajì lọ nínú agbára tí oúnjẹ ń fún wọn, síbẹ̀ àrùn ọkàn ò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Àmọ́ àgbọn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú ẹja, ṣúgà wọn sì kéré. Àwa náà ní àgbàdo sísè àti àgbọn, a ní gàrí àti àgbọn. Eyín á ṣiṣẹ́, ikùn á yó, eèrí inú rẹ̀ á jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Eèrí yẹn ni mo ń dà fún ewúrẹ́ lẹ́yìn tí mo bá fún àgbọn tán. Kò sí ẹyọ kan rẹ̀ nínú ìgò.

Tó bá jẹ́ ti irun, ẹ fọkàn balẹ̀ tà á. Ó ń wọnú irun lọ, kì í jẹ́ kí purotéènì inú rẹ̀ ṣòfò púpọ̀ tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Tí ìyálọ́mọ bá fẹ́ fi rọ́pò epo pupa nínú oúnjẹ ọmọ, ẹ sọ fún un pé rárá. Ohun tó mú epo pupa pọ́n ni ara ọmọ fi ń ṣe fítámì A, àdín wa ò ní in.

Ìwé ara ìgò tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ tó ọ̀ọ́dúnrún. Mi ò dà á nù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó sí. Màmá yẹn ṣì ń ra ti orí àti ti àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn méjì nínú wọn.