Ọmọ Tó Ga Jù Lórí Pápá

Òṣogbo, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọyẹ́ ti dé. Eruku bo pápá oníkọnkéré tó wà lápá Òkè-Fìà débi pé bàtà ń yọ̀, bọ́ọ̀lù náà ń yọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ mẹ́wàá ló wá gbá básíkẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́ òní, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni, ó sì ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 196. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n, ó parí, kò sẹ́ni tó lè bá a débẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó páàkì sẹ́bàá ọ̀nà ń pàtẹ́wọ́: "Amẹ́ríkà ni tìẹ! NBA tààrà!"

Àtẹ́wọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká ka eré òní bí a ṣe ń ka owó. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, bọ́ọ̀lù kan ọmọ náà lọ́wọ́ nígbà 31. Nígbà 29 nínú rẹ̀, abẹ́ àwọ̀n ló wà. Ó kàn na ọwọ́ sókè, ó jù ú wọlé tàbí kó tàsé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ rìn, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi gbá a lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọwọ́ òsì sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè rárá. Kò wá ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà, nítorí kò sí ohun tó ń fi ẹnìkejì ṣe. Ikọ̀ rẹ̀ borí, kóòṣì ń rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì lọ sílé láìkọ́ nǹkan kan.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ohun tó mú un tayọ ní ọdún 15 ni kò jẹ́ kó kọ́ ohun tí wọ́n máa bi í léèrè ní ọdún 20. Àwọn ọmọkùnrin kì í bàlágà lọ́jọ́ kan náà. Ẹlòmíràn á ti ta sókè bí igi ọ̀pẹ ní ọdún 13, ẹlòmíràn á di 16 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tètè ga ń fi ara àgbà bá ọmọdé du bọ́ọ̀lù. Tó bá fi máa tó ọdún mẹ́ta sí i, àwọn yòókù á ti bá a. Nínú NBA, lígì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, sẹ̀ǹtímítà 196 kì í ṣe gíga ẹni tó ń dúró sábẹ́ àwọ̀n. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí wọ́n ń darí eré, ló pọ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yìí kò bá ga kọjá ibi tó dé yìí, iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé fún un ni èyí tí kò fọwọ́ kàn rí láyé rẹ̀.

Ẹ wo draft ọdún 2013, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NBA fi ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìpele méjì. Anthony Bennett ni ẹgbẹ́ Cleveland mú ní ipò kìíní. Agbára ló fi ń borí ní yunifásítì. Ìgbà tó dé NBA, kò ga tó àwọn òmìrán abẹ́ àwọ̀n, kò sì yára tó àwọn tó ń gbá lójú ìta. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ejìká kí wọ́n tó mú un, ìyẹn sì gba àsìkò ìgbáradì rẹ̀ lọ. Àmì 4.2 ló ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ọdún kan péré, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Minnesota; ní 2017 ó ti kúrò nínú NBA pátápátá. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n mú lọ́jọ́ kan náà ni Giannis Antetokounmpo, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ yẹn, àwọn Gíríìkì ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lígì onípele kejì ní Gíríìsì ló ti ń gbá, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó tún ga sí i lẹ́yìn tí wọ́n mú un tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bọ́ọ̀lù kí gíga náà tó dé. Ó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní 2019 àti 2020, ó sì gba ife pẹ̀lú Milwaukee ní 2021.

Ohun kejì ni orúnkún, èyí gan-an ló dùn mí jù lónìí. Mo lọ dúró nítòsí ibi tí ọmọ náà ń fò sí. Bó ṣe ń balẹ̀, orúnkún méjèèjì ń wọ inú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn, gìgísẹ̀ ń dún gbì lórí kọnkéré. Ìtẹ́lẹ̀ bàtà ti jẹ tán lápá ìta. Wíwú kékeré kan wà nísàlẹ̀ orúnkún ọ̀tún, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára. Ibẹ̀ ni iṣan itan ti ń fa egungun tí kò tíì le tán. Àwọn tó ń yára ga ló sábà máa ń ní in, ìsinmi ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò fún un ní ìsinmi nígbà tí òun nìkan ló ń jẹ àmì? Igi gògòrò má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Greg Oden ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní 2007, ṣáájú Kevin Durant. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún un kí ó tó gbá ìdíje kankan. Ìdíje 105 péré ló gbá nínú NBA.

Ohun tí òbí lè ṣe nílé kò gba owó. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, láàárọ̀, kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sókè orí rẹ̀. Bó bá fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ga sí i láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ dín fífò kù: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, kó má sì jẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ léra wọn. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, kó sọ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó balẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, kó tẹ orúnkún, kí orúnkún dojú kọ ìka ẹsẹ̀, kó dúró bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ ó fi ka ẹẹ́ta. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó sinmi, kó tún bẹ̀rẹ̀, títí á fi pé ọ̀nà mẹ́ta. Tí orúnkún bá tún wọ inú, kò tíì tó àkókò láti máa fò.

Ti jíju bọ́ọ̀lù kò gùn. Ìlà alámì mẹ́ta, tí bọ́ọ̀lù tó bá wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ́ àmì mẹ́ta, jẹ́ mítà 6.75 níbí, ti NBA jẹ́ 7.24 láti iwájú. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ méjì ti bọ́ọ̀lù láti àyà kò lè dé ibẹ̀.

Àyè inú NBA kò tilẹ̀ pọ̀. Ẹgbẹ́ 30 ni NBA ní, ènìyàn 15 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 450 fún gbogbo ayé, láìka àwọn mẹ́ta mẹ́ta tó ń gbá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ kékeré rẹ̀. Bí 60 ni wọ́n ń mú lọ́dún nínú draft. Ẹni tí wọ́n mú ní ìpele kìíní, owó ọdún méjì àkọ́kọ́ nìkan ló dájú. Ẹgbẹ́ lè kọ ọdún kẹta. Ti ìpele kejì kò ní ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìpele kejì náà, ipò 41 ní 2014, ni Denver ti mú Nikola Jokić, ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn kan ń gé ọjọ́ orí kúrò. Mo mọ ìdí rẹ̀, ebi ni, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó ń pa lára. Ọmọ 19 tí wọ́n pè ní 16 á máa borí, kò ní kọ́ nǹkan kan, àwọn tó ń wò ó á sì rò pé ó ṣì máa dàgbà sí i. Ara rẹ̀ ti dàgbà tán. Ẹ má sì jẹ́ kó pa ìwé tì: yunifásítì Amẹ́ríkà tó ń gbá ní ìpele kìíní eré ìdárayá ń béèrè ẹ̀kọ́ mẹ́rìndínlógún pàtó láti ilé-ìwé gíráámà, gíga kò lè rọ́pò wọn.

Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá láti Èkó, ti tó ọmọ ọdún 15 ó kéré tán kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù alọ́wọ́ ló ti ń gbá. Ẹsẹ̀ tó ń yí síbí yí sọ́hùn-ún, tó sọ ọ́ di ẹni ipò kìíní nínú draft ní 1984, ibẹ̀ ló ti kó o bọ̀.

Fún ọmọ tòní, kí kóòṣì yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àwọ̀n láti ọjọ́ Ajé. Kó gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ọwọ́ òsì nìkan fún ogún ìṣẹ́jú, kí ọmọ kúkúrú tó yára máa lé e. Á máa sọ bọ́ọ̀lù nù ní ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé-ìwé náà á pàdánù ìdíje méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ìbá borí. Kí kóòṣì tètè lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.